Àrokò Tí Ara Ń Fi Ránṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lóru àná, nígbà tí aago méjì ti kọjá, mo jí láti lọ tọ̀. Mo rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ, mo sì rọra ṣí i. O jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé níwájú rẹ, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà nínú ike omi tútù, agolo ohun mímu tí ẹ fi ń lé oorun ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. O kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ojú rẹ là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n fún gbogbo ìgbà tí mo fi dúró, o kò ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo padà sórí ibùsùn, oorun kò sì kùn mí mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo mọ ike omi yẹn. Èmi náà ti ki ẹsẹ̀ bọ irú rẹ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí WAEC àti JAMB ń dúró dè. Mo lè sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́: o ó ní “Ẹ ṣeun, Màmá Àgbà,” o ó sì padà sídìí omi rẹ.

Ní 1974, mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tó kàwé dé ibẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá mi ti fi oko kòkó kan dógò nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ mi, àwọn àbúrò ìyá mi sì ti ń pè mí ní tíṣà kí n tó di tíṣà. Nígbà tí ìdánwò ku oṣù mẹ́ta, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé mọ́jú. Bí wọ́n bá ti paná ilé ìbùsùn, a ó gbé àtùpà lọ sí kíláàsì, obì gbànja lápò, garawa omi lọ́wọ́. Bí oorun bá dé, a ó jẹ obì. Bí obì kò bá ràn án mọ́, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń sáré ìje fún ilé ẹ̀kọ́ wa, mo ní eré ń jí àkókò ìwé gbé. Èmi tí ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ẹ́ kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó láti òwúrọ̀ dé òru.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé èèrà ni, mo tú irun mi, mo wá a títí, n kò rí nǹkan kan. Abẹ́ awọ orí ló ti ń rìn, láti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú orí, ó sì ń ta mí bí ẹni pé wọ́n da omi ata sí i. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Mo lè ka ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí n má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ṣí ìwé, àyà mi á máa lù kìkì. Bí mo bá pa á dé, á rọlẹ̀. Kí ni mo ṣe sí i? Mo fi obì kún obì.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dá mi padà sílé, ìyá bàbá mi ní ọdẹ orí ni. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni, pé àwọn tí kò fẹ́ kí bàbá mi bí tíṣà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa nígbà náà bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí. Wákàtí mélòó lò ń sùn? Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí? Ìgbà wo lo sáré gbẹ̀yìn? Mo dá a lóhùn. Ó wò mí títí, ó ní, “Ọmọ yìí, láti ìgbà wo ni ara rẹ ti ń pè ọ́ tí o kò jẹ́ ẹ?”

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní kí n fi sinmi obì. Kí n sùn nígbà tí adìyẹ bá wọlé, kí n máa tẹ̀lé ìyá mi lọ sóko láàárọ̀, kí n má ṣí ìwé àfi bí mo bá ti oko dé tí mo sì ti jẹun. Mo sunkún gidi. Ìdánwò ti dé tán, wọ́n ní kí n lọ máa ro ewédú! Ìyá mi kò bá mi jiyàn, ó fa ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó tó nǹkan bíi máìlì méjì kí a tó dé oko náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, mo ṣí ìwé, lẹ́tà sì dúró sójú kan. Mo yege ìdánwò náà. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mo sì yàn láti fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tó ṣe mí ti ní orúkọ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ rárá. Ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti sọ ilé ìwòsàn ọpọlọ di ibi tí gbogbo ayé ń wá wò, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú, ohun tí wọ́n kà kò dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ní àpọ̀jù ìwé ló mú kí ọpọlọ wọn rẹ̀. “Brain fag” ni wọ́n ń pè é. Prince kọ ọ́ jáde ní 1960, orúkọ náà sì kàn káàkiri ayé. Ó rí i pé ìrètí ìdílé wà lórí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, pé ẹni kan ló ń kàwé ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń dúró de èsì. Nígbà tó di 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ kọ ọ́ pé ìfẹ́ àṣeyọrí tó gbóná jù ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo ohun tí ń lé oorun, tí ọpọlọ kò fi ní ìsinmi. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní àníyàn tàbí àárẹ̀ ọkàn lásán ló ń fara hàn bẹ́ẹ̀. N kì í ṣe dókítà, n kò ní dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo ka àlàyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àrò, mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi.

Láyé àwọn baba wa, ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ a máa fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹni tó bá gbà á tí kò ka owó náà dáadáa lè rò pé wọ́n fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí òun ni. Ara kò mọ̀wé í kọ, Àbẹ̀kẹ́. Oorun, òùngbẹ, ìrora, ẹsẹ̀ tó ń ta, ọkàn tó ń sáré, owó ẹyọ tirẹ̀ nìyẹn. Orí tó ń rìn mí ní 1974 ń sọ pé: sùn, dìde, rìn. Èmi kà á sí pé: jẹ obì sí i.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí agolo yẹn ń ṣe fún ọ. Obì, kọfí, àti ohun tó wà nínú agolo rẹ, kaféènì kan náà ló wà nínú wọn. Láti ìgbà tí o ti jí láàárọ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń gbárajọ nínú ọpọlọ rẹ. Bó ṣe ń pọ̀ ni oorun ń kùn ọ́. Ó ní àga tó gbọ́dọ̀ jókòó lé kí ọpọlọ tó gbọ́ pé ó ti rẹ ara. Kaféènì a sáré lọ jókòó sórí àga yẹn. Adenosine kò padà sílé o, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì náà ṣì wà lára. Èyí tí o mu láago mẹ́wàá alẹ́, ìdajì rẹ̀ kò tíì lọ láago mẹ́ta òru. Àárẹ̀ kò kúrò lára rẹ, etí rẹ ló di sí i.

Òru tí o fi ń jókòó yẹn gan-an sì ni ọpọlọ fi ń to ohun tí o kà lọ́sàn-án. Wo màmá rẹ bó bá ti ọjà dé. Á gbé ẹrù kalẹ̀ ní pálọ̀ ná, lẹ́yìn náà á to ata sí àyè ata, á kó gààrí sínú ike rẹ̀, á gbé ẹja sókè kí ológbò má baà rí i. Ká ní kò tò ó, tó tún lọ ọjà lọ́la àti lọ́tùn-únla, ta ni yóò rí iyọ̀ mú nígbà tí ọbẹ̀ bá ń hó? Bẹ́ẹ̀ ni orí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sùn ṣe ń rí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó kà á, ó mọ̀ pé òun kà á, kò rí i mú. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 láàrin ọjọ́ kan. O lè máa rò pé ìyẹn pọ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àti eré ló kàn, ibẹ̀ ni ọkàn mi sì wà jù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, àkókò eré ìdárayá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Wọ́n á ní kí n yọ̀ǹda wákàtí mi fún ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jà, wọn kò gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé wákàtí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ìṣirò yẹn gan-an ni wọ́n gbà á. Ní 2009, Charles Hillman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Illinois l'Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọdé tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rìn fún 20 ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń rìn lójú kan. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kan náà jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìrìn yẹn, àwọn ọmọ náà fọkàn sí ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa ju ìgbà tí wọ́n jókòó lọ, ìwé kíkà wọn sì dára jù. Ogún ìṣẹ́jú péré! Àlọ àti àbọ̀ láti ilé yìí dé ilé ìpọnmi ìsàlẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀.

Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ ó ń gba nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ fún un. Bí o bá ń rìn, ọkàn a túbọ̀ máa lù, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn. Bí o bá jókòó wákàtí márùn-ún láìdìde, tí o kò sì jẹun láàárọ̀, o ń retí pé kí àlejò tó ń jẹun jù nínú ilé ṣiṣẹ́ lórí ebi. Àwa àgbà náà ní ìpín níbẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lórí 120 àgbàlagbà. Àwọn kan nínú wọn fi ọdún kan rìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, apá ọpọlọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí sì tóbi sí i ní nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni o ti ń rí mi tí mò ń yí ọgbà ká láàárọ̀, tí ẹ̀yin ọmọ sì ń rò pé mò ń ṣọ́ adìyẹ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé iṣẹ́ àga ni iṣẹ́ ọlọ́lá. Ní London, Dókítà Jerry Morris wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó. Ọkọ̀ kan náà, ìlú kan náà. Èsì tó jáde ní 1953 fi hàn pé àrùn ọkàn ń ṣe awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń yá pa á jù.

Ó yẹ kí ọmọ ọjọ́ orí rẹ fi 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ lo ara rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gba bàtà olówó ńlá. Fo okùn. Ta ten-ten pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá Bísí lójúde, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé o ti dàgbà jù. Bí o kò bá mọ̀ bóyá ìrìn rẹ yá tó, gbìyànjú láti kọrin. Bí orin bá jáde geere, yára sí i. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, o wà níbi tó yẹ. Bí ọ̀rọ̀ pàápàá kò bá jáde, ara ti ní kí o rọra.

Níbi eré náà ni wàá ti mọ èdè ara jù. Èémí tó yára, òógùn, itan tó ń ro ọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn ọ́, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí èémí kò bá padà sípò lẹ́yìn tí o ti sinmi, dúró, kí o sì sọ fún àgbà tó wà nítòsí. Nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mìíràn sì lè jẹ́ SS. Eré kì í ṣe èèwọ̀ fún ọmọ SS, ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, kó sì sinmi nígbà tí ara bá ní kó sinmi. Má fi irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Mo ti rí olùkọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, n kò lè gbàgbé ojú ọmọ náà.

Obìnrin ni ọ́, nítorí náà n ó sọ èyí láìfi bò. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ń pọ̀ jù, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ń funfun, tí àtẹ̀gùn kékeré ń mú ọ mí hẹlẹ, tí o ń ka ìwé tí kò wọlé, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ ni. Agolo kan kò lè wo ìyẹn. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹran àti ẹ̀dọ̀ ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ lọ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà. Wá sọ fún mi. Èmi ni n ó mú ọ lọ.

Àwọn àrùn kan wà tí kì í fi àrokò ránṣẹ́ rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, 1989, gbogbo wa jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè. Samuel Okwaraji wà lórí pápá. Agbẹjọ́rò ni, ó ti gba oyè kejì nínú òfin àgbáyé ní Róòmù, ó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìwé àti eré lè gbé inú ènìyàn kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí eré parí nígbà tó ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò tì í. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ní Mọ́ńdé tí mo wọ kíláàsì, ọmọ kan bi mí pé ṣé eré ló pa á. Mo ní rárá, ohun tí a kò wọ̀n ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orí fífọ́, láìsí nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bàbá àgbà rẹ ní in, bàbá rẹ ní in. Ìwọ náà yóò máa wọ̀n ọ́n.

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti kọjá agolo, pé Tramadol ni wọ́n ń lò kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Òògùn ìrora ni, ó sì ń di bárakú. Ẹni tó lò ó láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un ti gé ahọ́n ara rẹ̀. Bí iná bá jó o nínú, kò ní mọ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá wà nínú rẹ̀, má sá fún un, má sì bá a bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí o bá sùn dáadáa, tí o rìn, tí o jẹun, tí orí ṣì ń rìn ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ayé sú ọ: má bò ó, wá sọ fún mi. Kì í ṣe were, kì í ṣe ìtìjú. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní Àrò àti ní ilé ìwòsàn ńlá gbogbo.

Mo ti bá màmá rẹ sọ̀rọ̀. Kò ní pariwo mọ́ bó bá rí ọ lójúde ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní máa fi ọmọ tí ń kàwé mọ́jú ládùúgbò ṣe àpèjúwe fún ọ. Láago mẹ́wàá, fóònù rẹ yóò máa sùn lọ́dọ̀ mi. Mo ti da omi inú ike yẹn nù, mo sì ti rẹ aṣọ mi sínú rẹ̀. Láago mẹ́fà àbọ̀ ọ̀la, wọ bàtà rẹ, a ó jọ rìn dé ẹnu ọjà. Èmi ni n ó máa dá orin.